Òjé Inú Ẹrẹ̀ Funfun

Sátidé, 1/2/2025

Ọyẹ́ mú. Ètè mi ti là lọ́nà méjì. Epo ti di ₦990 lítà kan. Mo ra lítà mẹ́wàá fún jẹnẹrétọ̀, nítorí kò sí iná láti Ọjọ́rú.

Tèmilọlá tí a jọ wà ní ìjọ, tó ń ka ìwé gíga ní yunifásítì Samaru, wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gé òkúta ní Dakace. Kò wo àwọn òkúta tí mo ti mú dán. Ẹ̀yìn ilé ló gbà lọ tààrà, ó dúró ti òkìtì ẹrẹ̀ funfun tí omi máa ń gbé jáde lábẹ́ ẹ̀rọ nígbà tí mo bá ń gé òkúta mábù.

"Bàbá Beulah, kí lẹ ń fi èyí ṣe?"

"₦4,000 ni mò ń san lóṣooṣù fún ẹni tó ń bá mi kó o dànù."

"Ẹ má sanwó mọ́. Èmi ń wá a."

Ó ṣàlàyé fún mi. Omi tí òjé bá wà nínú rẹ̀, tàbí àwọn irin mìíràn tó ń pa ènìyàn díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n bá jẹ́ kó gba inú ẹrẹ̀ yìí kọjá lẹ́yìn tó ti gbẹ tó sì kúnná, òjé náà á dúró síbẹ̀, omi á sì jáde láìní i. Èyí ni iṣẹ́ tí yóò fi gba oyè rẹ̀. Ó fẹ́ àpò márùn-ún, gbígbẹ, sísẹ́. Mábù nìkan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́: mábù nìkan.

Ó ní òun á san ₦1,500 lórí àpò kan. Mo ní ₦2,000. Ó gbà. Lẹ́yìn tó lọ tán, ojú tì mí díẹ̀, nítorí ohun tí mò ń sanwó kí wọ́n bá mi kó dànù ni mo tà fún ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n n kò pè é padà.

Túsìdé, 4/2

Mo sá ẹrẹ̀ sórí ọ̀rá ńlá. Ọyẹ́ bá mi ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ọjọ́ méjì péré ó ti gbẹ. Mo mú kọ̀ǹkọ̀sọ̀ láti ilé ìdáná, Ọmọ́níkẹ́ ìyàwó mi sì ká mi mọ́ ọn.

"Ṣé ògì òkúta lẹ fẹ́ máa mu ni?"

"Màá fọ̀ ọ́."

"Ẹ fọ̀ ọ́ títí di ọdún Àjíǹde, mi ò fi sẹ́ nǹkan mọ́. Ẹ lọ ra òmíràn fún mi."

Kọ̀ǹkọ̀sọ̀ tuntun: ₦1,800. Èrè mi ti di ₦8,200.

Sátidé, 8/2

Gbogbo ẹrẹ̀ náà jẹ́ àpò mẹ́rin àti ààbọ̀. Kí n tó rí ààbọ̀ yòókù, mo ní láti tan jẹnẹrétọ̀ gé òkúta tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí. N kò lè jó epo nítorí ààbọ̀ àpò. Mo gbá abẹ́ tábìlì tí mo ti ń kọ orúkọ sára òkúta ibojì, mo gbá àwọn igun ilé, mo sẹ́ ẹ, mo dà á mọ́ èyí tó wà nílẹ̀. Funfun ni gbogbo rẹ̀. Àpò márùn-ún pé.

Kẹ̀kẹ́ tó kó o lọ sí Samaru gba ₦3,500. Tèmilọlá ló san án. Mo gba ₦10,000 tèmi.

Mọ́ńdè, 10/2

Wọ́n gbé iṣẹ́ wá: òkúta ibojì kan, lẹ́tà mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Mo kọjá títì lọ sí ọ̀dọ̀ Àlíyù tó ń tún bátìrì mọ́tò ṣe, mo ra òjé inú bátìrì tó ti kú, kílò mẹ́ta. Ó pè é ní ₦1,600 kílò kan, mo ní ₦1,400, a parí rẹ̀ sí ₦1,500.

"Kai, Bàbá Beulah! Ìwọ lè bá ikú fúnra rẹ̀ dúnàá-dúrà."

Mo ní ikú ló ń gbé oníbàárà wá fún mi, n kò ní bá a jà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ọdún mẹ́rìnlá ni a ti ń bá ara wa ṣòwò.

Tọ́sìdé, 20/2

Tèmilọlá pè mí. Iṣẹ́ náà kò lọ dáadáa. Omi tó dà sínú ẹrẹ̀ ní òjé díẹ̀, èyí tó jáde ní púpọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní bóyá ìgò òun ni kò mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló ti gbé e fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wò ó, ₦3,500 lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ₦21,000.

Mo ní kó ní sùúrù.

Sátidé, 22/2

Ó wá fúnra rẹ̀. Ó ti rù.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé mábù nìkan ni?"

"Mábù nìkan ni."

Kíá ni mo dáhùn. Ààbọ̀ àpò yẹn wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé òkúta ni òkúta. Ó gbà mí gbọ́. Ó tilẹ̀ tọrọ àforíjì pé òun bi mí.

Kó tó lọ, ó bu omi kànga wa sínú ìgò, ó sì bu ti kànga mẹ́rin mìíràn ní àdúgbò, kó lè fi omi gidi dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ọmọ́níkẹ́ bu omi tútù fún un, ó mu ife méjì. Ó ní omi yín mà dùn o, Mọ́mì. Ilé mẹ́jọ ló ń pọn nínú kànga wa.

Túsìdé, 25/2



Mo jókòó ti òkúta ibojì tí wọ́n gbé wá lọ́jọ́ kẹwàá. Mo ti gbẹ́ àwọn lẹ́tà, mo ti yọ́ òjé, mo ti dà á sínú wọn. Mo mú ọ̀bẹ láti gé èyí tó yọ síta kúrò, kí lẹ́tà lè bá ojú òkúta dọ́gba. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi ní Kàbà nìyẹn: ọ̀dà á ṣí lẹ́yìn òjò méjì, òjé kì í ṣí. Bí mo ṣe ń gé e ni ó ń já bọ́ sílẹ̀, wẹ́wẹ́, ó ń dàpọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun mábù lábẹ́ tábìlì.

Mo dáwọ́ dúró. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu ìdọ̀tí náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo gbé e síta sínú oòrùn. Ó ń dán.

Òjé ni mo fi kún ẹrẹ̀ tí ọmọ yẹn fẹ́ fi yọ òjé nínú omi. Nítorí epo ààbọ̀ wákàtí.

Mo fẹ́ pè é. Mo mú fóònù. Lẹ́yìn náà mo rántí pé mo ti sọ pé mábù nìkan ni.

Sátidé, 1/3

Àwọn Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lónìí. Ooru ti dé.

Tèmilọlá pè. Ó ti fi ásíìdì fọ gbogbo ìgò rẹ̀, ó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, bákan náà ló rí. Ó ti di ẹ̀ẹ̀méjìdínlógún. Mo ní pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ ni mo rí sọ.

Wẹ́sìdé, 5/3

Tèmilọlá mú èsì omi kànga wá fún alága àdúgbò wa, Bàbá Dúrójaiyé tó fẹ̀yìn tì ní rélùwéè. Wọ́n pè mí nítorí inú ọgbà mi ni kànga wà. Ó ní òjé tí ènìyàn lè mu nínú lítà omi kan kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 0.01 lọ. Ti kànga mọ́sáláṣí, 0.02. Méjì mìíràn, 0.03. Ọ̀kan, 0.01.

Tiwa, 0.19. Ìlọ́po mọ́kàndínlógún.

Túnráyọ̀ tó ń gbé yàrá kejì sí wa wà lẹ́nu ọ̀nà. Oyún rẹ̀ pé oṣù mẹ́fà.

"Àǹtí, ṣé ó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú?"

Tèmilọlá kò purọ́ fún un. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń dé ibẹ̀. Ó ní kó má mu ún mọ́ láti òní lọ.

Omi ọmọlánke: ₦150 kẹ́ẹ̀gì kan. Mo ra mẹ́rin fún ara wa, mo ra mẹ́ta fún Túnráyọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn rẹ̀. N kò lè wò ó.

Fúráìdé, 7/3

Àdúgbò pàdé ní ìrọ̀lẹ́. Kò pẹ́ rárá. Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí òjé ti wá, nítorí gbogbo wọn ti mọ̀: ta ló ń fọ́ bátìrì ní àdúgbò yìí bí kò ṣe Àlíyù?

"Kó kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ," Bàbá Dúrójaiyé wí. "A ó kọ̀wé sí Mai Unguwa. Olújìmí, ìwọ lọ́wọ́ rẹ dára jù."

Òótọ́ ni, ọwọ́ mi dára. Wọ́n fún mi ní bébà tí a ó fi kọ̀wé sí Mai Unguwa, baálẹ̀ wa. Bàbá Dúrójaiyé ń pè é, èmi ń kọ ọ́. Mo kọ orúkọ Àlíyù pẹ̀lú ọwọ́ tí mo fi ń kọ orúkọ òkú, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró ṣánṣán. Ènìyàn mọ́kàndínlógún fọwọ́ sí i. Èmi ni ẹ̀kejì.

Gbogbo wọn yin ìwé náà.

Sọ́ńdè, 9/3

Lẹ́yìn ìsìn, mo ní kí Ọmọ́níkẹ́ máa lọ sílé, mo ní mo fẹ́ wo ẹ̀rọ. Mo ka ìṣísẹ̀.

Láti ṣọ́ọ̀bù Àlíyù dé kànga: mẹ́rìnléláàádọ́rin. Títì àti gọ́tà sì wà láàrin, ìsàlẹ̀ sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà sí wa. Omi kì í gun òkè. Kànga mọ́sáláṣí ló fẹ̀yìn ti ògiri rẹ̀, ìṣísẹ̀ mọ́kànlá, ti ibẹ̀ sì jẹ́ 0.02.

Láti ààrò tí mo ti ń yọ́ òjé dé kànga: mẹ́sàn-án.

Mo tún un kà, bóyá mo ṣì í. Mẹ́sàn-án. Ibẹ̀ ni mo ń kó òjé bátìrì sí, ibẹ̀ ni mo ti ń gbọn eérú rẹ̀ dànù, ibẹ̀ ni mo ti ń da omi sí i kó lè tutù, omi náà sì ń ṣàn lọ sídìí kànga. Ọdún mẹ́rìnlá. Bí mo bá ń yọ́ kílò méjì lóṣù, òjé kílò 336 ló ti gba ibẹ̀ kọjá.

Wẹ́sìdé, 12/3

Àlíyù wá bá mi. Ó jókòó lórí òkúta gíránáìtì tí wọ́n kò tíì wá gbé. Ètè rẹ̀ gbẹ nítorí ààwẹ̀.

"Wọ́n ní ìwọ lo kọ ọ́."

"Wọ́n ní kí n kọ ọ́ ni."

"To, kò burú." Ó wo ilẹ̀. "Wọ́n ní omi ásíìdì mi ló wọ kànga yín. Wallahi, inú kẹ́ẹ̀gì ni mò ń dà á sí, ìwọ náà ń rí mi. Gbogbo Fúráìdé ni wọ́n ń wá gbé e."

"Mò ń rí ọ."

"O ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

Mo ní màá wo bí màá ṣe sọ ọ́. Ó dìde, ó gbọn ìyẹ̀fun òkúta kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó kí ìyàwó mi, ó lọ.

Sátidé, 15/3

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Samaru, ₦500. Tèmilọlá wà lábẹ́ igi níwájú ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, ó di ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ló jáde.

"Kì í ṣe mábù nìkan."

Mo sọ ìyókù. Ó gbọ́ ọ títí tó fi parí.

"Ẹ̀ẹ̀méjìdínlógún, Bàbá."

"Mo mọ̀."

"Ọ̀gá mi sọ níwájú àwọn yòókù pé kí n lọ wá ọkọ fẹ́, pé iṣẹ́ yìí ju orí mi lọ. Mo lọ sílé lọ sunkún. Mo rò pé òótọ́ ló ń sọ."

Mo ní màá dá owó rẹ̀ padà: méjìdínlógún lọ́nà ₦3,500, ₦63,000, màá sì fi ₦10,000 tó san fún mi kún un. Ó wò mí bí ẹni pé mo tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ṣé owó ni mo sọ fún yín?"

Nígbà tó yá, ó bèèrè ibi tí mo ti ń yọ́ òjé. Mo ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó bèèrè bó ṣe jìnnà tó sí kànga. Mo ní ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án. Bí mo ṣe dáhùn kíá ló jẹ́ kó mọ̀ pé mo ti wọ̀n ọ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ lé ńkọ́?"

"Màá sọ."

"Ìgbà wo?"

"Màá sọ, Tèmilọlá."

Ó ní kí n gé ẹrẹ̀ mìíràn fún òun, kí n fọ ẹ̀rọ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí n má gbá ohunkóhun mọ́ ọn. Kò pè mí ní Bàbá nígbà tí a ń pínyà.

Túsìdé, 18/3

Mo fọ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo gé mábù tó dára, kì í ṣe àjákù. Epo lítà mẹ́fà. N kò tíì sọ.

Tọ́sìdé, 20/3

N kò tíì sọ. Ooru pọ̀ débi pé òkúta ń jó ènìyàn lọ́wọ́ ní òwúrọ̀.

Sátidé, 22/3

Mo gbé àpò márùn-ún lọ fún Tèmilọlá. Èmi ni mo san owó kẹ̀kẹ́. Kò bi mí ní ohunkóhun. N kò sọ.

Túsìdé, 25/3

Mai Unguwa pe gbogbo wa sí iwájú ilé rẹ̀ kí ó tó tó àkókò ìṣínu. A jókòó lórí ẹní. Wọ́n ka ìwé tí mo kọ. Ó dùn-ún gbọ́, Ọlọ́run dárí jì mí.

Mai Unguwa bi Àlíyù pé kí ló ní sọ.

"Baba, ẹ bi àwọn tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n mọ̀."

Ó sọ ọ́ tán, ó yí ojú sí ibi tí mo wà. Mo wo bàtà mi. Okùn ti apá òsì ti fẹ́ já. Mo wo okùn bàtà yẹn títí Mai Unguwa fi sọ̀rọ̀: kí Àlíyù ṣe ọdún Ààwẹ̀ tán, kó sì wá ibòmíràn.

Ní ọ̀nà ilé, Bàbá Dúrójaiyé fọwọ́ gbá mi léjìká. Ó ní ọpẹ́lọpẹ́ ìwé rẹ yẹn.

Fúráìdé, 28/3

Tèmilọlá pè, ó ń pariwo. Ó da omi kànga wa sínú ẹrẹ̀ tuntun náà. Ó wọlé ní 0.19, ó jáde ní 0.006! Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀kan náà ni. Ọ̀gá rẹ̀ tún un ṣe fúnra rẹ̀, kò rí àbùkù.

Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ti sọ ọ́?" Mo ní n kò gbọ́ ọ dáadáa, pé ariwo ẹ̀rọ pọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kò ṣiṣẹ́ láti àárọ̀.

Sọ́ńdè, 30/3. Ọdún Ààwẹ̀.

Lọ́dọọdún, Àlíyù máa ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí wa, àwa náà sì ń gbé tiwa lọ ní Kérésìmesì. Mo sọ fún ara mi pé ti ọdún yìí kò ní wá, mo sì ń retí pé kó má wá.

Bàlíkísù ìyàwó rẹ̀ gbé e wá ní aago kan. Ìrẹsì, ọbẹ̀, ẹran mẹ́fà. Ti èṣí jẹ́ mẹ́rin.

"Barka da Sallah, Bàbá Beulah. Ọkọ mi ní kí n kí yín dáadáa. Ó ní ti ìkẹyìn nìyí tí a ó gbé wá láti òdìkejì títì."

Ọmọ́níkẹ́ bu tèmi. N kò lè jẹ ẹ́. Ó ní ṣé ara mi kò yá ni. Mo sọ fún un, gbogbo rẹ̀, ààbọ̀ àpò, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án, bàtà tí mò ń wò.

Kò pariwo. Mo fẹ́ kó pariwo.

"Ọdún wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ níbẹ̀?"

"Ó pé ọdún mẹ́rìnlá."

"Beulah jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà. Omi yẹn ló mu dàgbà." Ó tún bo oúnjẹ náà. "Ẹ sì jẹ́ kí ọkùnrin yìí fi ẹnu gbígbẹ bẹ̀ yín."

Wẹ́sìdé, 2/4

Àlíyù kó lọ. Ọmọlánke méjì. Mo dúró lẹ́yìn ẹ̀rọ títí wọ́n fi yí kọ́nà.

Sátidé, 5/4

Mo sọ.

Ìpàdé àdúgbò ni, lẹ́bàá kànga. Wọ́n ń jíròrò bí wọ́n ṣe máa gbọ́n kànga náà, níwọ̀n bí ẹni tó bà á jẹ́ ti lọ. Mo dìde. Mo ní ẹni tó bà á jẹ́ kò tíì lọ. Mo mú wọn lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo fi ààrò hàn wọ́n, mo rìn ín láti ibẹ̀ dé kànga, mo ń ka ìṣísẹ̀ jáde lẹ́nu.

Bàbá Dúrójaiyé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Olújìmí, ìwọ lo kọ ìwé yẹn!"

"Èmi ni."

"O sì kọ ọ́ dáadáa o!"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Túnráyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ra omi ọmọlánke fún mi. Mo kúnlẹ̀ fún yín." Ó wọ inú yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo ní màá sanwó kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọkọ rẹ̀ gbà. Ó ní bí kò bá ṣe ti ọmọ inú, òun ì bá gbá mi létí.

Mo bèèrè pé kí wọ́n pe Àlíyù padà. Bàbá Dúrójaiyé ní onílé ti gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ máa ta adìyẹ níbẹ̀. Ká ní mo sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta pàápàá, ọjọ́ kan kí Mai Unguwa tó pè wá, Àlíyù kì bá tí lọ. Mo ti ka àwọn ọjọ́ tí mo fi dákẹ́: láti ọjọ́ tí mo ti wọn ìṣísẹ̀, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Wẹ́sìdé, 9/4

Mo wó ààrò. Mo gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ dé orókún, mo kó yẹ̀ẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sínú àpò, ogójì ó lé mẹ́ta. Tèmilọlá ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dà á síbikíbi; ó ń wá ibi tí wọ́n á ti gbà á. Mo sọ fún àwọn tó ni òkúta ibojì oṣù kejì yẹn pé ọ̀dà ni n óò máa lò láti ìsinsìnyí, pé kí wọ́n gba ₦25,800 owó òjé wọn padà, ₦300 lórí lẹ́tà kan. Wọ́n ní kí ló dé. Mo sọ fún wọn.

Ẹ̀jẹ̀ Túnráyọ̀: òjé wà nínú rẹ̀, kò pọ̀ débi tí wọ́n á fi dá a dúró. Dókítà ní kó máa padà wá lóṣooṣù. Èmi ni n óò máa san án. Ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Òun kò bá mi sọ̀rọ̀.

Sátidé, 12/4

A gbé dírọ́ọ̀mù méjì ka orí búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá kànga. Òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, yanrìn, lẹ́yìn náà ìyẹ̀fun mábù. Tèmilọlá ń tọ́ wa sọ́nà, ó ń pàṣẹ fún Bàbá Dúrójaiyé bí ọ̀gá rélùwéè. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ mu ún títí èsì mẹ́ta á fi dára tẹ̀léra, àti pé ìyẹ̀fun tó bá ti gba òjé sára, inú sìmẹ́ńtì ni a ó pò ó mọ́.

Ó pè mí ní Bàbá lónìí. Mo rò pé ó gbàgbé ara rẹ̀ ni.

Tọ́sìdé, 17/4

Èsì kẹta ti dé: 0.005. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi ní ìrọ̀lẹ́. Àlejò kan láti ilé kejì ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá, Ọlọ́run á bù kún yín fún iṣẹ́ yìí." Kò tíì gbọ́. Mo ní kó má dúpẹ́, mo sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lọ láìdágbére.

N óò máa sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá dúpẹ́.

Sátidé, 19/4

Mo rí Àlíyù. Kwangila ló wà báyìí, lábẹ́ páànù kan láàrin àwọn mẹkáníìkì. Ibẹ̀ há ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ti bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn méje. Ẹ̀rọ tó fi ń gba iná sí bátìrì ń pariwo, ọkùnrin bíi mẹ́fà sì wà níbẹ̀, wọ́n ń mu tíì.

Mo kí i. Ó dá mi lóhùn. Ó fa àga fún mi, n kò jókòó. Mo ní èmi ni. Mo ní òjé inú kànga, ọwọ́ mi ló ti wá, láti ibi tí mo ti ń yọ́ èyí tí mo ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní mo ti mọ̀ kí Mai Unguwa tó pè wá. Mo ní mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò.

Kò yà á lẹ́nu. Ó ń fi ákísà nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn èkejì.

"Èmi náà mọ̀," ó wí. "Ta ló ń ta òjé fún ọ? Ọjọ́ tí wọ́n sọ fún mi nípa ìwé yẹn ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Haba, Bàbá Beulah. Ta ni yóò gbà mí gbọ́? Wọ́n á ní mo ń tì í sí ọ lọ́rùn." Ó ju ákísà sílẹ̀. "Mo rò pé ìwọ fúnra rẹ á sọ ọ́. Mo ń sọ fún Bàlíkísù lójoojúmọ́ nígbà ìṣínu pé, ọ̀la ni, bàbá yẹn á sọ ọ́ lọ́la."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ bí a ṣe ń ṣe nílé wa, sórí ilẹ̀ tí epo dúdú wà. Àwọn tó ń mu tíì yíjú sí wa. Ó ní kí n dìde, mo dìde. Mo rò pé ó parí.

Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ, ó pa á.

"Àwọn wọ̀nyí ti gbọ́ pé wọ́n lé mi ní Dakace nítorí mo ba omi wọn jẹ́," ó wí. "Ní Hausa, kó yé wọn. Tún un sọ."

Mo tún un sọ.